Ohùn Ni Mo Bèèrè, Ohun Ni Wọ́n Kó Fún Mi

Mo lá àlá kan ní ìdájí òní. Sàláwù, pa kílípà yẹn ná, torí bí o bá ń gé irun mi tí mo sì ń rẹ́rìn-ín, apá kan orí mi á kéré ju ìkejì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, ẹ fara balẹ̀. Mo ti bọ́jú, mo sì ti jẹun. Àkàrà jíjóná ni mo jẹ, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. N kò mu ohunkóhun lánàá ju omi lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wojú ẹnikẹ́ni. Bí àlá náà ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo sùn. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí Àdìgún tó ń tún fáànù ṣe níwájú pósítọ́fíìsì, tó sì ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyá mi ti wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù méjì nítorí etí rẹ̀. Ti òsì ti di pátápátá kí ó tó dé. Dókítà ní ti ọ̀tún náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò tì. Òní Sátidé yìí ni àbúrò mi Adéọtí ń bọ̀ wá mú un padà sí Òtan.

Nígbà tí bàbá mi wà láyé, sọ́míìlì ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń la igi sí pákó. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá ní ìrọ̀lẹ́, yóò dúró síbẹ̀, yóò ní, "Àríkẹ́, mo ti dé o." Kò ní wọlé títí ìyá mi yóò fi dá a lóhùn. Ó di ọdún mọ́kànlá báyìí tó ti kú. Níjọ́ kan tí mo ń ta gìtá jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ìka mi ṣàdédé bọ́ sórí ìpè yẹn: dò-mí-mí, re-re-mí-re. Ìyá mi gbé orí sókè.

"Àdìgún, gìtá yìí pè mí bí bàbá rẹ ṣe ń pè mí."

Ó ní kí n bá òun fi í sínú rédíò kékeré tó ń lo mẹ́mọ́rì, kí òun gbé e lọ sí Òtan. "Bí mo bá délé, ta ni yóò máa ta á fún mi? Kí etí mi tó tì, mo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin èèyàn, ó dà bí iṣẹ́ kékeré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń gba ohùn gìtá sílẹ̀ sínú fóònù. Anpilifáyà mi, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Mo yí bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin kí ohùn lè nípọn, mo sì ti fóònù mọ́ ọn lẹ́nu kí ohunkóhun má bàa ṣòfò. Nígbà tí mo gbé èyí àkọ́kọ́ fún ìyá mi, ó fi sétí, ó sì yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ta ló ń dín àkàrà?"

Nígbà kejì, ó ní àkàrà náà ti ń jóná. Nígbà kẹta, ó kàn fọwọ́ pa mí lórí. Ìyẹn dùn mí ju méjì àkọ́kọ́ lọ.

Mo gbà pé irinṣẹ́ ni n kò ní. Mo mú ìwé kan, mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè rẹ̀: OHUN GITA. Mo to gbogbo ohun tí mo rò pé gìtá nílò sábẹ́ rẹ̀ títí ìwé fi kún, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìwé yẹn ni mo ń wò títí oorun fi gbé mi lọ.

Nínú àlá náà, ọ̀sán gangan ni. Mo jókòó nínú yàrá, gìtá mi sì wúkọ́.

"Àdìgún, ọ̀fun ń dùn mí."

Mo bi í bóyá ó ti fi omi gbígbóná oníyọ̀ fọ ọ̀fun.

"Omi oníyọ̀ wo? Ṣé o fẹ́ kí n dípẹtà ni? Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo ti ń mú mi pariwo. Gbéra, kí o lọ sí Ọ́fíìsì Ohùn, kí o bá mi gba ohùn wá."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló jọ lójú mi. Mo gbé e kọ́rùn, mo jáde.

Ọ́fíìsì Ohùn wà lókè pósítọ́fíìsì. N kò sọ pé ó wà ní àjà kejì o. Mo ní ó wà lókè, ó léfòó. Okùn gìtá mẹ́fà ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ sí Òṣogbo, níbi tí ọ́fíìsì ti pọ̀ tó. Ọrùn gìtá kan tó gùn gbọọrọ ni àkàbà tí wọ́n ń gbà gùn ún. Bí èèyàn bá tẹ ìtẹ̀gùn kan, yóò dún. Bó bá tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, yóò dún ga sí i. Àwọn tó wà níwájú mi ń gùn ún wúruwùru láìka orin sí, ó sì ń bí mi nínú díẹ̀.

Akọ̀wé obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé pọ̀.

"Kí lẹ wá gbà, sà?"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ohùn ni mo wá gbà fún gìtá."

"Ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹ tètè o, a ti ń ṣí lọ."

Lóòótọ́, wọ́n ti ń ṣí lọ. Mo rí òrùlé ṣọ́ọ̀bù yìí tó ń kọjá lábẹ́ wa. Sàláwù, páànù kan ti ṣí níbẹ̀, lọ wò ó. Mo kánjú, mo kọ ọ́ gàdàgbà: OHUN. N kò fi àmì kankan sí i. Àbí ta ló ń fi àmì sí Yorùbá nínú yín? Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tàbí tí a ń kọ ọ́ sára ògiri, a máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó ń kà á fúnra rẹ̀ wá àmì rẹ̀ lọ. Tísà Abóyèjí, tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin, nà mí títí nítorí rẹ̀. "Àdìgún! Dò, re, mí! *Ohun*, re-re, nǹkan nìyẹn. *Ohùn*, re-dò, èyí tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde nìyẹn. Bí o kò bá fi àmì sí i, nǹkan ni wọn yóò kó fún ọ!" Mo rò pé ìyà lásán ni mo jẹ nígbà náà.

Akọ̀wé ka ìwé mi. Ó pariwo sínú ilé: "Ẹ kó ohun fún wọn!"

Wọ́n sì kó o. Máìkì kan tó ga tó òpó iná ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Àpótí kan tó ń mú kí gìtá dún bíi pé ó wà nínú kànga tẹ̀ lé e, kànga náà fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé àpótí, torí wọ́n ní a kì í tú wọn yà. Wáyà dé, ó gùn dé Ìrágbìjí, ó sì tún padà wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbohùngbohùn mẹ́jọ tí wọ́n tò léra, àti ẹ̀rọ ìránṣọ, àti ilẹ̀kùn mọ́tò, àti eyín ìyá àgbà kan tí ẹnikẹ́ni kò wá bèèrè. Akọ̀wé ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú fọ́ọ̀mù mi, mo ń fọwọ́ sí i, mo ń sọ pé ẹ ṣé o, ẹ kú làálàá. Ìyá mi ló kọ́ mi pé bí wọ́n bá fún èèyàn ní nǹkan, kí ó dúpẹ́.

Kí lo sọ, Sàláwù? Kí ni mo fẹ́ fi ilẹ̀kùn mọ́tò ṣe? Èmi náà kò mọ̀. Mo rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wúlò. Bí èèyàn ṣe ń kó ohun jọ nìyẹn, kì í mọ̀ pé òun ti ń ṣe wèrè. Gìtá mi wà lábẹ́ gbogbo ẹrù yẹn, n kò sì gbọ́ pé ó wúkọ́ mọ́.

Mo ru ẹrù sọ̀ kalẹ̀. Ní ìdí àkàbà, mo bá bàbá àgbà kan tó jókòó sáàárín igbá: igbá kékeré, igbá ńlá, igbá tí wọ́n fín àti èyí tí wọn kò fín. Mo kí i, mo bi í bóyá ó ń tà wọ́n.

"N kò tà wọ́n, ọmọ mi. Ìgbà ni mo lọ bèèrè lókè. Mo ní kí wọ́n bá mi fi ìgbà díẹ̀ kún èyí tó kù fún mi láyé. Igbá ni wọ́n kó fún mi."

"Ẹ ò ṣe padà lọ fi àmì sí i, bàbá?"

Ó wò mí. "Ìgbà wo ni mo ní tí n ó fi lọ?"

Mo ní ó dáa, mo bá a kó igbá méjì tó yí dànù, mo sì bá tèmi lọ. Nínú àlá n kò kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Láti àárọ̀ tí mo ti jí ni mo ti ń rò ó.

Mo yí igun kan, mo sì bá ara mi ní Òtan, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Irú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ nì ni, tí wọ́n máa ń fi pákó tì, pákó kan lẹ́yìn òmíràn, láti òsì dé ọ̀tún. Wọ́n kọ ọ́ sókè rẹ̀: ETÍ Ọ̀TÚN ÌYÁ ÀDÌGÚN. Gbogbo àmì rẹ̀ ló pé. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lápá òsì rẹ̀ ti tì pa, aláǹtakùn sì ti takùn sí i lẹ́nu.

Fáànù kan ló ń ti ṣọ́ọ̀bù náà. Mo mọ̀ ọ́n. Fáànù orí tábìlì kan ni tí wọ́n gbé wá fún mi lọ́dún tó kọjá, tí mo ní kí olówó rẹ̀ padà wá lọ́la. Ó gbé pákó lọ́wọ́, ó ń mi orí sọ́tùn-ún, ó ń mi orí sósì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n wọlé kí ẹ tó tì í."

Ó mi orí. N kò mọ̀ bóyá ó ń kọ̀ ni, àbí bó ṣe máa ń ṣe náà ni.

"Pákó mélòó ló kù?"

"Mẹ́rin. Kí lo gbé wá?"

"Ohun tí ìyá mi rán mi ni."

"Ẹnu ọ̀nà yìí kì í gba ohun. Ṣé o kò rí i bó ṣe kéré tó ni?"

Lóòótọ́, àyè tó kù kò ju ibi tí ọmọdé lè fẹ̀gbẹ́ gbà lọ. Mo ti máìkì, kò wọlé. Mo ti kànga, omi ló dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo wá rò ó pé bí ẹrù kò bá lè wọlé, ariwo á wọlé. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo yí gbogbo bọ́tìnnì dé òpin, mo sì ta gìtá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbogbo Òtan mì. Láti inú ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ohùn ìyá mi, ó jìnnà gan-an.

"Ta ló ń dín àkàrà níta o?"

"Èmi ni, mà! Àdìgún ni!"

"Ẹ bá mi sọ fún un pé òróró rẹ̀ ti gbóná jù."

Fáànù ki pákó kan bọ àyè rẹ̀. Ó dún gbà. "Ó ku mẹ́ta."

Ẹ̀rù bà mí. N kò bẹ̀rù ọ́fíìsì tó ń fò, n kò bẹ̀rù fáànù tó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù pákó mẹ́ta yẹn. Mo mọ irú pákó tó jẹ́. Irú èyí tí bàbá mi máa ń là ni, òórùn sọ́míìlì ṣì wà lára wọn. Mo ronú pé kò yẹ kí ó jẹ́ irú pákó tí bàbá mi là ni wọn yóò fi ti bàbá mi fúnra rẹ̀ mọ́ta.

Gìtá wúkọ́ lábẹ́ ẹrù. "Àdìgún, o ti ń dín mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"N kò dín ọ rí. Àkàrà ni wọ́n ń dín."

"Nígbà tí o yí bọ́tìnnì dé òpin, kí lo rò pé ò ń ṣe? Iná ló pọ̀ jù lábẹ́ mi. Bí o kò bá fẹ́ máa dín mi mọ́, dín mi kù."

Mo dúró, mo rò ó. *Dín mi. Dín mi kù.* "Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì," mo ní.

"Ìwọ náà nìyẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ ni ọ̀kan náà lójú rẹ. Padà lọ fi àmì sí ìwé tí o kọ."

Mo sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀. Fáànù ní òun kò ní í bá mi ṣọ́ ọ, mo ní kò séwu. Mo sáré. Ọ́fíìsì Ohùn ti dé òkè ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó ń dúró de ọkọ̀. Wọ́n mú mi lọ bá ọ̀gá àgbà. Bàbá ọlọ́wọ̀ kan ni, ó wọ kóòtù, ó de táì pupa.

"Jókòó," ó ní. Kò sí àga, nítorí náà mo jókòó sórí afẹ́fẹ́.

"Ọ̀gá, àṣìṣe díẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ohùn ni mo bèèrè, ohun ni wọ́n kó fún mi. Èmi ni mo jẹ̀bi, n kò fi àmì sí i. Àmì kan péré ni mo fẹ́ fi sórí lẹ́tà U."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, a kì í fi àmì sí fọ́ọ̀mù níbí. Àmì máa ń mú ìwé wúwo. Tí ó bá tilẹ̀ jẹ́ àmì òkè, à bá wò ó, torí òkè náà ni à ń lọ. Ṣùgbọ́n àmì ìsàlẹ̀ tí ò ń bèèrè yìí, bí o bá fi ẹyọ kan ṣoṣo síbẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì yìí yóò wálẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí ọ́fíìsì ńlá wá máa dúró nílẹ̀ bí ilé aráàlú? Òfin kẹrìnlá sọ pé... ó sọ pé... mẹ̀ẹ́."

Ó ti di òbúkọ. Kóòtù bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n táì ṣì wà lọ́rùn.

Mo dìde, mo kí wọn. "Ẹ kú ìparadà, sà."

Akọ̀wé ní kí n má jẹ́ kí ó yà mí lẹ́nu, pé aago méjì ti lù, ọ̀gá kì í sì í ṣe èèyàn lẹ́yìn aago méjì. Mo ní bó ṣe yẹ nìyẹn. Ẹni tó bá ti jẹ́ èèyàn láti àárọ̀, ó yẹ kí ó sinmi.

Ìgbà náà ni òbúkọ na ọrùn, ó mú fọ́ọ̀mù mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Máìkì lọ, kànga lọ, wáyà tó gùn dé Ìrágbìjí lọ. Ilẹ̀kùn mọ́tò pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo kọ sókè ìwé, ó wá dúró, ó ń jẹ àpọ́jẹ, ó ń wò mí. Ojú tí Tísà Abóyèjí máa ń fi wò mí gan-an ni.

N kò ní báírò lọ́wọ́. Gìtá ní, "Gé díẹ̀ nínú irùngbọ̀n mi." Ẹ mọ orí okùn tó máa ń yọ jágajàga lórí gìtá tí olówó rẹ̀ bá ya ọ̀lẹ. Ìyẹn ló ń pè ní irùngbọ̀n. Mo gé ẹyọ kan, mo gbé e lé orí U, mo sì jẹ́ kí ó dagun láti òsì wá sílẹ̀ sí ọ̀tún, bí Tísà ṣe kọ́ mi.

Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò já bọ́ o. Jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń yí bọ́tìnnì padà láti mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án, sí mẹ́jọ. Ní méje, gbogbo akọ̀wé dákẹ́. Ní márùn-ún, ariwo àkàrà tó ti wà létí mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dákẹ́, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfìgbà tó lọ. Ní mẹ́ta, a gúnlẹ̀.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ìyàwó mi la gúnlẹ̀ sí. Gbogbo aṣọ tí Mosúnmọ́lá fi kọ́ ló yí wa ká, wọ́n ń mu ariwo bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Anpilifáyà mi kékeré ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó jókòó sílẹ̀, inú rẹ̀ ń kùn.

"Gbé mi kúrò nílẹ̀," ó ní. "Ẹni tó bá jókòó sórí símẹ́ńtì tútù, ṣé inú rẹ̀ kò ní í kùn?"

Mo gbé e sórí àpótí ìjókòó, kíkùn náà sì dá. Mo yọ fóònù jáde, mo fẹ́ tì í mọ́ ọn lẹ́nu bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Háà! Àdìgún! Bí ìyá rẹ bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ṣé o máa ń ki etí bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni? Sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Má dojú kọ àárín ẹnu mi. Gba ẹ̀gbẹ́ wá, bí ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí àgbà."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gìtá náà ní kí n sọ ike tí mo fi ń ta òun nù. "Bàbá rẹ kì í fi ike pe ìyá rẹ. Fi ẹran ara ta mí."

Mo fi àtàǹpàkò ta ìpè náà: dò-mí-mí, re-re-mí-re. Èyí tó jáde kì í ṣe ohun. Ohùn ni. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbà á, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, lẹ́búlẹ́bú pákó sì wà lára rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jókòó kí n máa wò ó, ṣùgbọ́n mo rántí fáànù.

Kọ́bọ́ọ̀dù ṣí sí Òtan, bí kọ́bọ́ọ̀dù ṣe máa ń ṣe. Pákó kan ṣoṣo ló kù, fáànù sì ti gbé e sókè.

"Ẹ dúró! Mo ti mú un dé! Ohùn ni o, àmì wà lórí rẹ̀!"

Fáànù wò mí. Ó mi orí sọ́tùn-ún. Ó mi orí sósì. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí àyè tó kù, pákó sì ń bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti jí.

Mo jí, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni àkàrà: ṣáá, ṣáá. Mo di irọ̀rí mú. Mo ní ó ti parí, mo tún ti dín in. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé Mosúnmọ́lá ni, ó ń dín àkàrà tòótọ́ lẹ́yìnkùlé fún ìrìn àjò ìyá mi. Fáànù wa ń mi orí lórí tábìlì. Mo gbọ́ ìró kan lápá fèrèsé, mo yíjú síbẹ̀. Òbúkọ aládùúgbò wa ti ki orí wọlé, okùn pupa tí wọ́n fi ń so ó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti jẹ ìwé mi. Gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ ló ti jẹ tán, ó ku ti òkè nìkan: OHUN GITA.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni mo wí, kí n tó mọ èyí tí mo ń sọ.

Mo wá báírò, mo fi àmì kan sórí U yẹn. Lẹ́yìn náà mo jáde lọ bá ìyàwó mi.

"Mosúnmọ́lá, jọ̀ọ́, sọ agbada yẹn kalẹ̀ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Kí àkàrà mi rì sínú òróró? Kí ló ṣe yín, Bàbá Ìbídùn?"

"Èyí tó bá bàjẹ́, èmi ni n ó jẹ ẹ́."

Ó wò mí lójú, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àkàrà tó wà nínú agbada náà ti dúdú kí ó tó gbé e. Mo wọlé, mo pa fáànù. Mo gbé anpilifáyà sórí àpótí ìjókòó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo yí bọ́tìnnì sí mẹ́ta, mo gbé fóònù sí ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ní ẹ̀gbẹ́. Èmi náà wọ inú aṣọ lọ, bùbá ìyàwó mi bò mí lójú. Mo fi àtàǹpàkò ta á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. N kò tún un ṣe, mo kó o sínú mẹ́mọ́rì, mo ki mẹ́mọ́rì bọ rédíò, mo sì yí ti rédíò sókè. Òun ni ariwo jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe gìtá.

Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń ká aṣọ sínú báàgì. N kò pè é, torí ó ti tó oṣù kan tí kò ti gbọ́ mọ́ bí èèyàn bá pè é láti ẹ̀yìn. Mo gbé rédíò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí bàbá mi ìbá dúró sí. Mo tẹ̀ ẹ́.

*Àríkẹ́, mo ti dé o.*

Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí aṣọ. Kò wẹ̀yìn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò tíì fi ọjọ́ kan pa á jẹ rí.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má tíì wọlé, ẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó yẹn nù lára yín ná. Omi yín ti wà ní bàlùwẹ̀."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ wà lọ́kàn mi, Sàláwù. Ohùn ni kò jáde.